Láti Kánò dé Èkó: Wákàtí Kan Ààbọ̀ Tí Kì Í Parí ní Pápákọ̀

Bí tẹlifóònù bá dún ní ilé ọmọ Yorùbá kan ní Sabon Gari ní Kánò kí ilẹ̀ tó mọ́, àyà onílé a kọ́kọ́ já kí ó tó gbé e sétí. Kì í ṣe gbogbo ìpè ìdájí ni ó ń mú ìròyìn búburú wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Òkè-Ọya mọ̀ pé ìròyìn ayọ̀ a máa dúró kí oòrùn yọ. Ká ní ọmọ Ọ̀fà ni onílé yìí, ọkùnrin tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kánò láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbọ́ láti ilé. Bàbá wọn ti dágbére fáyé lóru. Mùsùlùmí ni bàbá náà, wọn kò sì ní jẹ́ kí òkú rẹ̀ sùn nílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n béèrè: "Ṣé kí á dúró dè ọ́ ni, àbí kí á máa bá ètò lọ?"

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu àbúrò ni èyí tí ó máa ń wá sí ẹnu gbogbo ènìyàn: "Ẹ dúró dè mí, ẹ̀gbọ́n mi. Kánò sí Èkó kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ nínú bàálù." Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ gbára lé e ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí wákàtí kan ààbọ̀ náà kà mọ́ra, àti èyí tí kò kà mọ́ra rárá.

Láti pápákọ̀ òfurufú Mallam Aminu Kano ní Kánò dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, nǹkan bí 834 kìlómítà ni, bí ènìyàn bá fa ìlà tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì. (Ọmọ bíbí Kánò ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ ti Èkó, nítorí náà ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kánò tí ó sì sọ̀ ní Ìkẹjà, láti ọwọ́ ọmọ Kánò kan ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Kánò mìíràn.) Àwọn tí wọ́n ṣì ń fi máìlì ka ọ̀nà yóò pe ìwọ̀n náà ní 518. Àwọn awakọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń lo máìlì àwọn atukọ̀ òkun, yóò pè é ní 450. Kò sí ìjà nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, nítorí pé máìlì ti òkun jẹ́ mítà 1,852 nígbà tí ti orí ilẹ̀ jẹ́ 1,609. Ibi tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ti ń ṣi iye kà ni pé wọ́n a fi ìwọ̀n ojú òfurufú wé ti orí ilẹ̀. Ojú irin àtijọ́ tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ lé ní 1,100 kìlómítà, nítorí pé irin a máa yí òkè po, a máa wá ibi tí odò ti ṣeé sọdá, a sì máa yà sí ìlú tí ọjà rẹ̀ bá kún.

Nígbà kan rí, a kì í fi wákàtí ka ìrìn-àjò yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton gbéra ní Àgbádárìgì, ìlú etí òkun tí kò jìnnà sí Èkó, òun àti ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander. Ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó dúró ní Ọ̀yọ́-Ilé fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, ó sọdá Odò Ọya, oṣù Keje ọdún 1826 ni ó tó fojú kan Kánò. Oṣù méje gbáko ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹsẹ̀ ẹranko ni òdiwọ̀n ọ̀nà ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá sì kú ní ìhà kan, ó lè pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ìhà kejì tó gbọ́.

Rélùwéè ni ó kọ́kọ́ ká ọ̀nà náà kúrú. Láti Èkó, irin náà dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún èrò ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí yóò fi di 1912, irin tí ó ti ìsàlẹ̀ gòkè àti èyí tí wọ́n tẹ́ lọ sí Kánò ti pàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá Ọya ní Jẹ́bà títí wọ́n fi parí afárá ibẹ̀ ní 1916. Irin yìí ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn Yorùbá tí ó wà ní Kánò lónìí lọ síbẹ̀: àwọn akọ̀wé rélùwéè, àwọn télọ̀, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìjẹ̀ṣà. Sabon Gari ni ìjọba òyìnbó pààlà sílẹ̀ fún wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlú tuntun. Ọ̀rọ̀ Hausa kan náà ni àwọn Yorùbá gé kúrú sí Sábó, tí wọ́n fi ń pe àdúgbò àwọn Hausa ní Ìbàdàn, ní Ṣàgámù àti ní ìlú mìíràn. Bí ọmọ Ọ̀fà ti ń ka wákàtí lọ sílé ní Kánò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Kánò ń kà á ní Sábó Ìbàdàn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1925 ni ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ balẹ̀ ní Nàìjíríà, Kánò ni ó sì balẹ̀ sí, kì í ṣe Èkó. Àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí Arthur Coningham ṣáájú wọn láti ẹ̀bá Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gba Khartoum wá sí Kánò, ó sì na ìrìn rẹ̀ dé Èkó nínú ọdún kan náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n dá West African Airways Corporation sílẹ̀ ní 1946. Nigeria Airways, tí ó gba ipò rẹ̀ ní 1958 tí ó sì kógbá sílé ní 2003, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń rántí. Àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ DC-3 nígbà náà, èyí tí ń sáré nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan, mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta kí ènìyàn tó ti Kánò dé Èkó. Fokker F27 tí ó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di wákàtí méjì. Ní 1973 ni Boeing 737 dé, ọkọ̀ tí ó lè sáré ju 800 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ni ọ̀nà bá di ohun tí ó dà lónìí.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí ni pé láti ìgbà náà, fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, kò sí ìṣẹ́jú kan tí ó tún kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ òde òní rẹwà ju ti ìgbà náà lọ, ariwo rẹ̀ kéré, kì í sì í mu epo tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ó tilẹ̀ yàtọ̀, èrè rẹ̀ lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí kò ní pọ̀. Ẹni tí ó bá fi 800 pín 834 yóò rò pé wákàtí kan lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìrìn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra yí lórí ilẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí yóò ti sáré gbéra. Yóò gùn ún lọ sókè fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó lè na ẹsẹ̀ tán. Yóò sì tún lo ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti máa sọ̀ kalẹ̀. Eré rẹ̀ gan-an kò ju bí ìdajì ọ̀nà lọ. Afẹ́fẹ́ òkè lè tì í nídìí ní ọjọ́ kan, kí ó dojú kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tí kò ju báyìí lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyẹn lè fi kún un tàbí kí ó yọ kúrò. Báyìí ni wákàtí kan ààbọ̀ ṣe jáde, láti ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní Kánò títí di ìgbà tí wọ́n ṣí i ní Ìkẹjà. Ohun tí ó wà ṣáájú ilẹ̀kùn àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá mú rúlà, kí ó fi í lé orí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó fa ìlà láti Kánò sí Èkó, yóò rí ohun ìyanu kan. Ìlà náà yóò gba ẹ̀bá Sáríà, ẹ̀bá Kàdúná àti ẹ̀bá Mínà. Yóò sọdá Ọya láàárín Jẹ́bà àti Pátígì. Lẹ́yìn èyí, yóò kọjá lókè Ọ̀fà, kò ní jìnnà sí Ìkìrun àti Òṣogbo, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Ẹdẹ gan-an, yóò sì fi Ìbàdàn sí ìtòsí kí ó tó dé Èkó. Ẹni tí ó bá ti wọ rélùwéè rí mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Àfi Pátígì nìkan, ìlú ibùdókọ̀ ojú irin ni gbogbo wọn. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀nà tiwọn tí àwọn olùdarí là sílẹ̀ fún wọn, wọn kì í sì í tẹ̀ lé ìlà rúlà ní ìdúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n wọn kì í jìnnà sí i púpọ̀. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú irin ń tọ ọ̀nà kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ń dúró ní Ọ̀fà, èkejì kì í dúró.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó wúwo lọ́rùn ọmọ Ọ̀fà tí bàbá rẹ̀ kú. Láti Kánò dé òkè Ọ̀fà, nǹkan bí 600 kìlómítà ni, ọkọ̀ òfurufú a sì débẹ̀ kí wákàtí kan tó pé tán. Ṣùgbọ́n yóò kọjá lọ sí Èkó ni, 234 kìlómítà níwájú. Ní Èkó ni arìnrìn-àjò yóò ti wá ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e padà sẹ́yìn, ní ojú títì tí ó ju 250 kìlómítà lọ. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Ìlọrin, tí kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ sí Ọ̀fà nínú mọ́tò, ó sì lè gba Àbújá lọ síbẹ̀ bí àkókò ọkọ̀ méjèèjì bá bá ara wọn mu lọ́jọ́ náà. Àkókò kì í sábà bá ara wọn mu fún ẹni tí ó ń kánjú.

Ẹ wo bí ọjọ́ náà yóò ti rí bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó ti rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, ó sì dúpẹ́ pé ọwọ́ òun ká owó rẹ̀. Ní aago méje, ó ti wà ní pápákọ̀, nítorí pé wọn kì í gba èrò tí ó bá pẹ́ dé. Kí ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́jọ, kí ó balẹ̀ ní Ìkẹjà ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò ní ẹrù kankan àfi àpò ìfàlọ́wọ́, nítorí náà kò dúró de ẹrù. Kí ó tó la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó já dé gáréèjì, kí ọkọ̀ Ọ̀fà sì tó kún, aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Láti ibẹ̀, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni ojú títì. Bí táyà kò bá bẹ́, bí ọkọ̀ àjàgbé kò bá dábùú ọ̀nà, aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ Ọ̀fà. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ti gba bí wákàtí mẹ́wàá. Bí àwọn ará ilé bá fẹ́ sin òkú lẹ́yìn ìrun Àìlà, kò lè bá wọn. Bí wọ́n bá lè fi sí ẹ̀yìn Alásárì, ó ṣeé ṣe kí ó bá wọn lójú oórì.

Ohun kékeré kan wà tí ó ràn án lọ́wọ́ tí kò sí nínú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Aago kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kánò wà ní ìlà-oòrùn Ọ̀fà dáadáa, nítorí náà ní àkókò tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, oòrùn Ọ̀fà a máa wọ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ti Kánò. Ti Èkó a sì máa pẹ́ ju ti Kánò lọ ní nǹkan bí 20. Àwọn Yorùbá Kánò tí wọ́n máa ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nínú oṣù ààwẹ̀ mọ èyí dáadáa: àwọn ti ṣínu tán, àwọn ará Èkó ṣì ń wo ojú ọ̀run.

Gbogbo ìṣirò yìí, ojú ọjọ́ tí ó mọ́ gaara ni a fi ṣe é. Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ a máa bo Kánò tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í rí ilé tí ó wà ní òdì-kejì títì. Àwọn awakọ̀ òfurufú kì í gbéra bí wọn kò bá lè rí ibi tí wọn yóò balẹ̀ sí. Èrò a máa jókòó ní pápákọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n a máa bínú, wọ́n a máa sọ̀rọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìbínú náà kò ṣàì ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1973 kò ní gbàdúrà pé kí awakọ̀ fi orí la eruku. Ní ọjọ́ náà, Boeing 707 kan tí ó kó àwọn arìnrìn-àjò Hájì bọ̀ láti Jeddah ń lọ sí Èkó. Ojú ọjọ́ kò dára ní Èkó, wọ́n sì yí i lọ sí Kánò. Níbi tí ó ti fẹ́ balẹ̀ ní Kánò ni ó ti ṣubú, tí ó sì gbiná. Ènìyàn 176 ni ó bá a lọ.

Ẹni tí kò bá ní owó bàálù ńkọ́? Láti Kánò dé Ọ̀fà ní ojú títì ju 700 kìlómítà lọ, àwọn awakọ̀ àtijọ́ a sì máa fi òru ọjọ́ kan là á já: Sáríà, Kàdúná, Birnin Gwari, Tegina, Mókwà, Jẹ́bà, Ìlọrin. Lóde òní, ìbọn àwọn ajínigbé ti sọ apá Birnin Gwari di ọ̀nà ẹ̀rù, àwọn mìíràn a sì yí gba Àbújá àti Lọ́kọ́ja kọjá, tí ọ̀nà wọn yóò tún gùn sí i. Ojú irin náà kò bọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò wọ igbó lọ. Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ti Èkó sí Kánò, èyí tí ń dúró ní Ọ̀fà, ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un gbé dìde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Ìrìn rẹ̀ gba ohun tí ó lé ní 30 wákàtí, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ tún di ségesège. Àwọn ìyá oníṣòwò tí wọ́n máa ń kó ẹrù wọ̀ ọ́ kò ṣàròyé nípa wákàtí 30. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ó wá ní ọjọ́ tí wọ́n ní yóò wá.

Fún ọkùnrin Ọ̀fà yìí, ó ti yan bàálù. Kí ó tó kúrò nílé, ó tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà. Kò sọ̀rọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá lè fi í sí ẹ̀yìn Alásárì, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ kò bá sì rí mi nígbà náà, ẹ má dá òkú dúró nítorí mi." Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, ó ní òun yóò bá àwọn àlùfáà sọ ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ti sọdá Ọya, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ń di aláwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé ní apá ọ̀tún lè rí Ìlọrin lókèèrè, bí ìkùukùu kò bá sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ọ̀fà. Ó kù nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí Èkó, ní ojú ibẹ̀ gan-an ni ìró ẹ̀rọ a sì máa yí padà, nítorí pé awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ní kí èrò so ìgbànú ìjókòó wọn. Àwọn tí ń gbẹ́ sàréè ní ìsàlẹ̀ lè gbọ́ ìró náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí wọ́n bá dáwọ́ dúró.